Kòkòrò Tó Fẹ́ Jẹ Gààrí Wa Tán, àti Ẹ̀kọ́ Tó Wà Níbẹ̀ fún Àwa Ará Sugar Land

 

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ la fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí a ti ń sè é. Bí a ti ń dáàbò bò ó nínú oko ni, kí ó tó dé inú ìkòkò rárá. Ó nídìí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Bí ìsinmi bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn ìdílé wa ń múra láti lọ sílé, tàbí tí bàbá àti ìyá ń bọ̀ wá kí wa láti ilé, ìbéèrè kan náà la máa ń gbọ́: "Kí ni mo lè kó sínú àpótí?" Bí wọ́n bá sì dé tán, ìkùnsínú kan náà ló ń tẹ̀ lé e: "Wọ́n gba iṣu mi ní pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n da máńgòrò mi nù. Kí ni máńgòrò ẹyọ mẹ́ta fẹ́ fi Amẹ́ríkà ṣe?"

Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí á fi òfin nìkan dáhùn rẹ̀. Ìtàn la fẹ́ fi dáhùn, ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa gan-an, tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jẹ ẹ̀bà dàgbà kò sì mọ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á, kí ẹ sì kà á fún àwọn ọmọ.

Ẹ̀GẸ́ KÌ Í ṢE ONÍLÉ

Ẹ̀gẹ́ tí a ń pè ní pákí tàbí gbáàgúdá, tí a fi ń ṣe gààrí, fùfú àti láfún, àlejò ni nílẹ̀ wa. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Àwọn Potogí ló gbé e wá sí Áfíríkà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Nígbà tí àwọn Àgùdà padà dé láti Brazil ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, wọ́n wà lára àwọn tó tan iṣẹ́ gààrí kálẹ̀ ní Èkó àti ní etí òkun.

Nígbà tí ẹ̀gẹ́ sọdá òkun, àwọn ọ̀tá rẹ̀ kò bá a wá. Àwọn kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ nílé rẹ̀ ṣẹ́ kù sí ẹ̀yìn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀gẹ́ wá dà bí ọmọ tó sá kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń lù ú. Ó gbilẹ̀. Kò bèèrè ajílẹ̀ púpọ̀, kò bẹ̀rù ọ̀dá, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ títí di ọjọ́ tí olóko bá nílò rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi di báńkì tálákà. Lónìí, Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ ní gbogbo ayé.

Ní ọdún 1973, wọ́n rí ohun àjèjì kan lára ẹ̀gẹ́ ní agbègbè Kinshasa àti Brazzaville, ní ilẹ̀ Kóńgò. Kòkòrò kékeré kan ni, ó funfun bíi pé wọ́n da ìyẹ̀fun lé e lórí. Mealybug ni wọ́n ń pè é lédè òyìnbó. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n rí. Ọdún 1977 ni àwọn onímọ̀ tó fún un ní orúkọ nínú ìwé, Phenacoccus manihoti. Ohun tí wọ́n gbà ni pé ara ọ̀pá ẹ̀gẹ́ tútù tí ẹnì kan gbé sọdá òkun ló fara mọ́ dé Áfíríkà. Ẹni náà kò ní èrò ibi lọ́kàn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé irú ẹ̀gẹ́ tó dára ló fẹ́ gbìn.

Ẹ gbọ́ bí kòkòrò náà ti ń ṣiṣẹ́. Abo ni gbogbo wọn, wọn kò nílò akọ kí wọ́n tó bímọ. Ẹyọ kan ṣoṣo lè yé bí ẹyin 400. Orí ọ̀gọ́mọ̀ ẹ̀gẹ́, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ, ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n á máa fa omi ara rẹ̀ mu. Itọ́ ẹnu wọn a máa ba igi náà jẹ́. Ewé á ká jọ, á di wúruwùru, igi á ràn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ibẹ̀ ni ìyà ẹ̀gẹ́ ti ń pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ ń gbé wọn láti oko dé oko, àwọn ènìyàn sì ń gbé wọn láti ìlú dé ìlú pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ lọ gbìn.

Nígbà tó di ọdún 1979, ó ti dé ilẹ̀ Benin, ó sì ti wọ ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà, ilẹ̀ Yorùbá wa. Ní àwọn oko tó ti le jù, ó jẹ bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí olóko ì bá wà. Ẹ fojú inú wò ó: ẹni tó máa ń rí àpò gààrí 10 lóko rẹ̀ wá ń rí 2. Ohun tó tún burú jù ni pé kò sí ọ̀pá tó dára mọ́ tí yóò fi gbin ti ọdún tó ń bọ̀.

Àdánù yìí kò dúró sí ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ nìkan. Àwọn ìyá tó ń rẹ́ gààrí kò rí ẹ̀gẹ́ rà. Awakọ̀ tó ń kó o lọ sọ́jà kò rí ẹrù gbé. Ẹni tó ń ra kóńgò gààrí kan ní Mushin tàbí ní Òjé ń san owó tó ju ti àná lọ. Nígbà náà, àwọn tí ẹ̀gẹ́ jẹ́ olórí oúnjẹ wọn ní Áfíríkà tó nǹkan bí 200 mílíọ̀nù ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ kòkòrò lásán, ó ti di ọ̀rọ̀ ìyàn.

WỌ́N LỌ WÁ Ọ̀TÁ KÒKÒRÒ

Àwọn kan lè ní, "Kí ló dé tí wọn kò fín oògùn sí i?" Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ kò ju éékà méjì lọ, níbo ni yóò ti rówó oògùn, àti ẹ̀rọ tí a fi ń fín in? Bó bá sì rówó lọ́dún yìí, ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́? Oògùn náà á tún máa pa àwọn kòkòrò tó ń ṣe wá lóore, á sì wọ inú omi mímu.

Ìbàdàn ni ọ̀nà mìíràn ti jáde wá. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1967, gba ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ kòkòrò kan láti ilẹ̀ Switzerland ní ọdún 1979. Hans Herren lorúkọ rẹ̀. Èrò rẹ̀ kò le rárá: bí kòkòrò yìí bá wá láti ilẹ̀ àwọn ẹ̀gẹ́, tí kò sì jẹ ẹ̀gẹ́ run níbẹ̀, a jẹ́ pé ohun kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ òun náà. Ẹ jẹ́ ká lọ wá nǹkan ọ̀hún.

Wíwá rẹ̀ kò rọrùn. Ní àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n rí kòkòrò tó jọ ọ́, wọ́n sì rò pé òun ni. Kì í ṣe òun. Ìbátan rẹ̀ ni, ọ̀tá tó sì ń jẹ ìbátan náà kò lè ṣe nǹkan kan fún ti Áfíríkà. Nígbà tó yá ni Anthony Bellotti, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí CIAT ní Colombia, rí ojúlówó rẹ̀ ní ilẹ̀ Paraguay. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti rí ọ̀tá rẹ̀: agbọ́n kan tó kéré gan-an, tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Anagyrus lopezi.

Wọn kò kàn kó agbọ́n náà sínú báàgì kí wọ́n gbé e wá sí Ìbàdàn o. Ẹ jọ̀wọ́, ibí yìí ṣe pàtàkì. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí ìlú London, wọ́n sé e mọ́ inú yàrá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àrùn wà lára rẹ̀, wọ́n sì rí i dájú pé kò ní í fojú sí ohun mìíràn lẹ́yìn kòkòrò ẹ̀gẹ́ yìí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gba àṣẹ láti gbé e wọ Nàìjíríà. Ní ìparí ọdún 1981, wọ́n tú u sílẹ̀ sínú oko fún ìgbà àkọ́kọ́, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ gbọ́ ọgbọ́n agbọ́n náà. Kì í ta ènìyàn. Bó bá rí kòkòrò funfun yẹn, yóò fi ìdí rẹ̀ gún un, yóò sì yé ẹyin kan sínú ikùn rẹ̀. Ẹyin á pa, ìdin inú rẹ̀ á máa jẹ kòkòrò náà láti inú wá, títí tí kòkòrò á fi gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, agbọ́n tuntun á lu ihò, á fò jáde, á sì lọ wá kòkòrò mìíràn. Kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún un, kò sì gba ìsinmi.

Nígbà tó yá, wọ́n ń sin agbọ́n náà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ òfuurufú tú u sílẹ̀ lórí oko. Ìgbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí i, ó ti fìdí múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 20 ní Áfíríkà. Kòkòrò funfun kò tán pátápátá, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti dínkù. Ẹ̀gẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Ní ọdún 1995, wọ́n fún Hans Herren ní World Food Prize, ẹ̀bùn tó ga jù nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ lágbàáyé, nítorí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti Ìbàdàn wa yìí.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ OWÓ RẸ̀

Ọ̀rọ̀ owó ni àwa òbí máa ń fẹ́ gbọ́, àbí? Ó dáa. Ní ọdún 1988, Richard Norgaard, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní yunifásítì Berkeley ní California, ṣe ìṣirò iṣẹ́ náà. Ó rí i pé dọ́là kan tí wọ́n ná lórí rẹ̀ mú èrè bíi dọ́là 149 wá. Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ mìíràn tún un ṣírò. Orílẹ̀-èdè 27 ni wọ́n wò, fún 40 ọdún. Bí wọ́n bá fi iye tí wọ́n ń ta ẹ̀gẹ́ lọ́jà àgbáyé ṣe é, èrè orí dọ́là kan tó nǹkan bíi 200. Bí wọ́n bá fi iye tí wọ́n ń tà á láàárín Áfíríkà ṣe é, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpapọ̀ èrè náà lé ní bílíọ̀nù 9 dọ́là.

Òwò wo ló ń mú irú èrè yẹn wá? Kò sí nílé ìfowópamọ́, kò sí nínú ilé kíkọ́. Ẹ sì wo ẹni tí èrè náà bọ́ sí lọ́wọ́. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá kan. Àgbẹ̀ tí kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan lọ sí Paraguay nítorí òun ni. Ìyá tó ń rẹ́ gààrí ni. Àwa tí a ń ra gààrí ní ọjà Áfíríkà ní Houston níbí náà wà nínú rẹ̀.

Ìtàn kan náà tún ṣẹlẹ̀ sí máńgòrò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí i, kòkòrò funfun mìíràn tó ti ilẹ̀ Éṣíà wá bo igi máńgòrò ní Togo, Benin àti àwọn aládùúgbò wọn. Omi dídùn tí kòkòrò náà ń tọ̀ á kán sórí ewé, ewé á dúdú bí ẹni pé wọ́n fi èédú kùn ún, igi kò sì ní í so dáadáa mọ́. Wọ́n tún wá ọ̀tá rẹ̀ lọ, ní ilẹ̀ Íńdíà lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Togo ní ọdún 1987. Nígbà tí àwọn onímọ̀ lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ní igi máńgòrò ní Benin, ìṣirò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2002 fi hàn pé ó ń mú bíi mílíọ̀nù 50 dọ́là wá lọ́dọọdún fún orílẹ̀-èdè kékeré yẹn nìkan.

Ilé ayé yí, oore sì yí pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọdún 2008, kòkòrò ẹ̀gẹ́ náà dé ilẹ̀ Thailand, orílẹ̀-èdè tó ń ta ẹ̀gẹ́ sókè òkun púpọ̀. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n wà níbẹ̀ jábọ́ láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 tọ́ọ̀nù ní ọdún 2009 sí mílíọ̀nù 22 ní ọdún 2010. Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ti lọ gba ìrànlọ́wọ́? Ọ̀dọ̀ IITA ní Benin ni. Agbọ́n tí wọ́n sìn nílẹ̀ wa ni wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé lọ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí á má tètè yọ̀ jù. Ní ọdún 1973 ni kòkòrò ẹ̀gẹ́ dé. Ní ìparí ọdún 1981 ni agbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ Kóńgò pàdánù láàárín ọdún mẹ́jọ yẹn, kò sí ìṣirò tó lè dá a padà fún wọn. Ká ní wọ́n ti rí ọ̀pá ẹ̀gẹ́ yẹn gbà ní ẹnu ibodè ni, iná kan tí wọ́n fi sun ún ni gbogbo ìnáwó náà ì bá jẹ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò; tó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà.

Ìrókò mìíràn sì tún ti ń dàgbà. Ní ọdún 2016, kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo, tí wọ́n ń pè ní fall armyworm, ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dé ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Nàìjíríà wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ CABI ṣírò pé bí wọn kò bá wá nǹkan ṣe sí i, ó lè jẹ àgbàdo mílíọ̀nù 8 sí 20 tọ́ọ̀nù lọ́dún kan ní orílẹ̀-èdè 12. Ìjà náà ṣì ń lọ lọ́wọ́. Bí ẹ bá gbọ́ lórí fóònù pé ògì gbówó lórí nílé, ẹ rántí pé kì í ṣe owó epo mọ́tò nìkan ló ń fà á.

NÍ TEXAS NÍBÍ ŃKỌ́?

Ẹ má ṣe rò pé ti Áfíríkà nìkan ni. Ìlú tí à ń gbé yìí, ohun ọ̀gbìn ló fún un lórúkọ. Ìrèké ni wọ́n gbìn sí ilẹ̀ yìí nígbà kan, kí ilé iṣẹ́ ṣúgà Imperial tó ti ilẹ̀kùn ní ọdún 2003. Bí ẹ bá sì wa ọkọ̀ gba ọ̀nà Rosenberg lọ sí Needville, ní Fort Bend wa yìí náà, oko òwú lẹ ó máa rí lọ́tùn-ún lósì.

Òwú yẹn ní ìtàn. Ní nǹkan bí ọdún 1892, kòkòrò onímú gígùn kan tí wọ́n ń pè ní boll weevil ti ilẹ̀ Mẹ́síkò sọdá sí Texas, lẹ́bàá ìlú Brownsville. Inú ìrudi òwú ló ń yé ẹyin sí. Ní ìwọ̀n ọgbọ̀n ọdún, ó ti gba gbogbo ilẹ̀ òwú Gúúsù kan. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, funfun àti dúdú, ló sọ oko di ìgboro nítorí rẹ̀. Ọdún 1978 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti lé e kúrò pátápátá, láti ààlà Virginia àti North Carolina. Texas dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1993, àwọn àgbẹ̀ òwú fúnra wọn sì ń dáwó sí i. Lónìí, ìsàlẹ̀ Texas pátápátá, létí ààlà Mẹ́síkò, nìkan ni ó kù sí nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọdún, nítorí ohun tó sọdá odò.

Ti ọsàn ló sún mọ́ wa jù, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní igi ọsàn kan tàbí méjì lẹ́yìn ilé. Kòkòrò kékeré kan tó ń fa omi ewé ọsàn dé Florida ní ọdún 1998. Ní ọdún 2005, wọ́n rí àrùn tó ń gbé kiri níbẹ̀, àrùn tó ń mú kí ọsàn kéré, kí ó korò, kí ó má pọ́n, kí igi sì kú díẹ̀díẹ̀. Kò tí ì sí oògùn rẹ̀. Ní ọdún 2003 sí 2004, Florida ká bíi 242 mílíọ̀nù àpótí ọsàn. Ní ọdún 2022 sí 2023, kò tó mílíọ̀nù 16. Ìjì líle dá kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n àrùn yìí ni olórí ọ̀ràn. Ẹni tó bá ń ra omi ọsàn fún àwọn ọmọ láti mu láàárọ̀ mọ ohun tí a ń sọ. Ní oṣù January ọdún 2012, wọ́n rí àrùn náà ní Texas, ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ní Rio Grande Valley, lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i ní agbègbè Houston wa níbí.

Àwọn ọmọ wa kò sì nílò kí a sọ ti èèrà pupa fún wọn, èyí tó ń ta ni bí iná nínú koríko. Òun náà, àlejò láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé èbúté Mobile ní Alabama ní àwọn ọdún 1930, ó sì ti wọ Texas ní àwọn ọdún 1950. Ẹ ṣírò owó tí ilé kọ̀ọ̀kan ń fi ra oògùn èèrà lọ́dún, kí ẹ sì fi iye ilé tó wà ní Sugar Land sọ ọ́ di púpọ̀. Owó tí ẹnì kan kò ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wa ń san títí dòní.

Ẹ̀YÌN ÀPÓTÍ WA

Nísinsìnyí ẹ ti rí ohun tí máńgòrò ẹyọ mẹ́ta lè ṣe. Kì í ṣe máńgòrò fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rù ní pápákọ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kòkòrò tó ń jẹ máńgòrò, tó ń jẹ iṣu, tó ń jẹ ẹ̀wà. Nítorí náà, bí ajá kékeré tó ń gbóòórùn bá jókòó ti àpótí yín, kò mú yín ní olè. Iṣẹ́ agbọ́n inú oko ẹ̀gẹ́ lòun náà ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká fi àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn:

Àkọ́kọ́, ohunkóhun tó jẹ́ oúnjẹ, ewé, èso, egbòogi tàbí irúgbìn, ẹ sọ ọ́ fún wọn. Ẹni tó bá sọ, tí wọ́n sì rí i pé kò yẹ kó wọlé, ohun náà nìkan ni wọn yóò gbà. Ẹni tó bá fi pamọ́ ni wọ́n ń bu owó ìtánràn fún, ó sì lè tó 1,000 dọ́là ní ìgbà àkọ́kọ́, bí kì í tilẹ̀ ṣe oníṣòwò. Fi èyí wé iye tí ẹ ó fi ra iṣu kan ní ọjà Áfíríkà níbí.

Èkejì, èso tútù, ọ̀pá ẹ̀gẹ́, igi tó ní gbòǹgbò, àti ohunkóhun tí erùpẹ̀ wà lára rẹ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nílé. Gààrí tí wọ́n ti yan kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀gẹ́ tútù, ṣùgbọ́n ẹ sọ òun náà.

Ẹ̀kẹta, ìrẹsì àti ẹ̀wà. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní khapra, tó ń jẹ ọkà nínú àká. Ó lè pẹ́ gan-an láìjẹun, oògùn kì í sì í tètè ràn án. Nítorí rẹ̀, ní ọdún 2021, ìjọba mú òfin le lórí ọkà gbígbẹ, irú ìrẹsì àti ẹ̀wà, tí èrò ọkọ̀ òfuurufú ń kó wọlé nínú ẹrù rẹ̀. Ẹ̀wà olóyin màmá dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí màmá sè é fún yín kí ẹ jẹ ẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin tí ẹ ní oko ẹ̀yìn ilé. Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú ń ṣe dáadáa nínú ooru Houston, a mọ̀. Irúgbìn tó bá ń ti òkè òkun bọ̀ nílò ìwé àṣẹ, nítorí náà ẹ ra èyí tó wà níbí, tàbí kí ẹ gbà lọ́wọ́ ará wa tó ti ń gbìn ín. Igi ọsàn tí ẹ bá fẹ́ gbìn, ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti tà á, kí ẹ má sì gbé igi tàbí ẹ̀ka ọsàn láti ìlú kan lọ sí òmíràn.

Ẹ̀YIN ỌMỌ WA

Iṣẹ́ méjì ló wà fún yín. Ọ̀kan, ẹ lọ sídìí igi ọsàn yín tàbí ti aládùúgbò tó bá gbà yín láàyè. Ẹ wo ewé tuntun, àti ẹ̀yìn ewé. Bí ẹ bá rí ohun funfun, tàbí kòkòrò kékeré tó gbé ìdí sókè, tàbí ewé tí ìyeyè rẹ̀ kò rí bákan náà lápá méjèèjì, ẹ pe dádì tàbí mọ́mì yín. Ẹ̀ka Texas A&M tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ wà ní Fort Bend yìí, ẹ lè bi wọ́n.

Èkejì, nígbà tí ẹ bá tún bá ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ bi wọ́n léèrè: "Ẹ jọ̀wọ́, mà, ṣé ẹ rántí ìgbà tí kòkòrò funfun jẹ ẹ̀gẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí i? Èló ni gààrí nígbà náà?" Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wa. A óò tẹ èyí tó bá dára jù síbí yìí nínú ìwé wa tó ń bọ̀, pẹ̀lú orúkọ àwọn àgbà tó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ó digbà kan ná. Ire o.